Káńsù fẹ́ gé owó oṣù wa lórúkọ ìdọ́gba: ìbéèrè àti ìdáhùn fún òṣìṣẹ́ káńsù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe aṣojú òṣìṣẹ́ ní káńsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àmọ́ fóònù mi ò tíì sinmi. Bí àwọn èèyàn wa bá ti gba lẹ́tà pé owó oṣù wọn máa dín kù, wọ́n á pè mí lálẹ́, ẹlòmíì á ti sunkún kó tó pè. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí léraléra ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lórí fóònù. England, Wales àti Scotland ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Northern Ireland ní òfin tirẹ̀. Èmi kì í ṣe lóyà o. Tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dé kọ́ọ̀tù, ẹ lọ bá ẹni tó kàwé òfin.

Lẹ́tà tí mo gbà ní wọ́n ń ṣe "pay and grading review". Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Wọ́n ń to iṣẹ́ káńsù sípò. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa gbé lé ìwọ̀n, wọ́n á fún un ní máàkì. Máàkì ló máa sọ gírédì tó bọ́ sí, gírédì ló sì máa sọ iye owó. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń wọ̀n, iṣẹ́ ni. Bóyá ẹ mọṣẹ́, bóyá ẹ ò mọ̀ ọ́n, kò sí nínú ìyẹn. Tí wọ́n bá parí, owó àwọn kan á gòkè, ọ̀pọ̀ á wà níbi tí wọ́n wà, àwọn kan á já wálẹ̀. Àwọn tó já wálẹ̀ yìí ni ọ́fíìsì máa ń pè ní "red circle". Tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn nínú lẹ́tà yín, ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ojú ewé kejì. Ojú ewé kìíní sábà máa ń sọ̀rọ̀ owó oṣù gangan, ó sì lè jẹ́ pé ìyẹn ò yí padà. Àwọn owó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé: owó iṣẹ́ òru, owó òpin ọ̀sẹ̀, owó "standby", bónọ́ọ̀sì. Arákùnrin kan pè mí tayọ̀tayọ̀ pé owó òun ò kúrò níbi tó wà. Nígbà tó ka ìyókù sí mi létí, àfikún tó fi ń san owó ilé ni wọ́n ti yọ kúrò.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí? Mo ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ nílé kí n tó wá síbí. Level 8 ni Level 8, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o.

Òótọ́ ni. Níbí náà, ó ti pẹ́ tí kò ti sí ìwé tó sọ pé iye báyìí ni ti ọkùnrin, iye báyìí ni ti obìnrin. Ibòmíì ni àìdọ́gba lọ sá pamọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Dagenham, ìtàn àdúgbò yín ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1968, obìnrin 187 tó ń fi ẹ̀rọ rán aṣọ àga mọ́tò ní ilé iṣẹ́ Ford níbẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti fi iṣẹ́ ìránṣọ yẹn sí gírédì àwọn tí kò kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn èyí, pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ọkùnrin gírédì náà ń gbà, ìdá 85 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n ń fún obìnrin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Barbara Castle tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ dá sí i, wọ́n gbé e dé 92. Gírédì tí wọ́n ń béèrè fún gan-an, ọdún 1984 ni wọ́n tó fún wọn, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì mìíràn. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ìjà wọn wà lára ohun tó bí òfin Equal Pay Act ti 1970, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 1975.

Òfin yẹn dáa fún ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin. Ṣùgbọ́n mélòó ni obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin ní káńsù? Obìnrin wà ní ilé ìdáná iléèwé, ọkùnrin wà lẹ́yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí. Láti ọdún 1984 ni òfin ti gbà pé kí obìnrin lè fi iṣẹ́ rẹ̀ wé iṣẹ́ mìíràn tó jọ níye lórí. Julie Hayward, alásè ní ilé iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Birkenhead, fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti ọkùnrin tó ń kun ọ̀dà àti ti káfíńtà, ó sì borí ní House of Lords, tó jẹ́ kọ́ọ̀tù tó ga jù nígbà náà, ní ọdún 1988. Látìgbà náà ni àyà àwọn káńsù ti ń já.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ ni bónọ́ọ̀sì. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, tó ń gbá títì, tó ń gbẹ́ sàréè, tó ń gé koríko ní bónọ́ọ̀sì lórí owó oṣù wọn. Kílínà, alásè iléèwé àti àwọn tó ń lọ tọ́jú arúgbó nílé wọn, tí gírédì wọn jọ rí bákan náà lórí ìwé, kò sí ẹni tó fún wọn ní nǹkan kan. Ní 1997 ni àwọn káńsù àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Single Status, pé kí wọ́n kó òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti òṣìṣẹ́ ọwọ́ sínú ìwé owó kan ṣoṣo. Scotland ṣe tirẹ̀ ní 1999. Ní England, wọ́n wá fi 31 oṣù Kẹta 2007 ṣe gbèdéke. Ọ̀pọ̀ káńsù jẹ́ kó kọjá lórí wọn. Gbèsè tí wọ́n kọ̀ láti san nígbà tó kéré ni wọ́n ń san títí dòní.

Àbúrò mi, ìka ò dọ́gba. Báwo ni obìnrin tó ń dáná fún ọmọ iléèwé ṣe fẹ́ gba iye kan náà pẹ̀lú ọkùnrin tó ń gbẹ́ sàréè?

Ìka ò dọ́gba lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló wọ̀n wọ́n?

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ káńsù ní England àti Wales ń lò ní òṣùwọ̀n 13. Ó ń wo ìmọ̀ tí iṣẹ́ gbà, ìrònú, bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ọgbọ́n ọwọ́, àti bí òṣìṣẹ́ ṣe lè dá pinnu tó láìbi ọ̀gá. Ó ń wo agbára ara, ìfọkànsí, àti ohun tí iṣẹ́ ń ṣe sí ọkàn ẹni. Ó ń wo ojúṣe lórí àwọn tí à ń ṣiṣẹ́ fún, lórí òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ ẹni, lórí owó, lórí ohun èlò. Lẹ́yìn náà ló ń wo ibi tí a ti ń ṣe é: òjò, òórùn burúkú, èébú, ewu.

Ìwọ̀n àtijọ́ mọ ẹrù wúwo tí ọkùnrin ń gbé. Kò mọ ìyá arúgbó tí obìnrin ń gbé láti orí bẹ́ẹ̀dì lọ sí ilé ìwẹ̀ láago méje àárọ̀, tí ìyá náà ò mọ ẹni tó gbé òun, tó ń pariwo, tó ń gbá a létí. Obìnrin yẹn á nu ojú rẹ̀, á tún kọrin sí ìyá náà létí kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, á sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé kejì. Tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé iṣẹ́ yẹn fúyẹ́, ó dájú pé kò ṣe é rí.

Ṣé òfin ló ní kí wọ́n gé owó mi?

Rárá. Tí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ rántí èyí. Òfin Equality Act 2010, tó rọ́pò ti 1970, ṣiṣẹ́ lọ́nà kan ṣoṣo: tí obìnrin bá borí, wọ́n á gbé àdéhùn tirẹ̀ sókè dé ibi tí ti ọkùnrin wà. Kò sí ibì kankan nínú òfin náà tó ní kí wọ́n fa ọkùnrin wálẹ̀. Káńsù ló yàn láti fà á wálẹ̀, nítorí owó, kí àfo àárín wọn lè kúrú. Yíyàn ni. Ẹni tó bá yàn án ló yẹ kó dáhùn fún un, kó má sì fi ara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ àwọn obìnrin.

Mi ò sọ pé owó wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin, kò gbé owó òfin náà kalẹ̀ fún àwọn káńsù. Láti 2010, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni owó tó ń wá láti Westminster fi dín kù. Glasgow ta àwọn ilé ńlá ìlú, ó sì ń háyà wọn padà, kí ó lè rí owó san fún àwọn obìnrin rẹ̀ ní 2019. Ó lé ní 500 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Birmingham ti san owó tó lé ní bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn láàárín ọdún bíi mẹ́wàá. Ní oṣù kẹfà 2023 ó tún jáde sọ pé gbèsè òun ṣì wà láàárín 650 sí 760 mílíọ̀nù. Iye yẹn ti di ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, àmọ́ nígbà tó di 5 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, káńsù gbé ìwé "section 114" jáde, ìyẹn ìwé tó ń sọ pé owó tó ń wọlé ò lè ká owó tó ń jáde mọ́.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní North Yorkshire. Wọ́n ti wọn iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún ọmọ iléèwé, wọ́n rí i pé ó dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin kan. Lẹ́yìn náà ni káńsù gé owó àwọn obìnrin náà, ó ní kí òun lè borí àwọn kọ̀ǹtírátọ̀ tó ń du iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Ní 1995, House of Lords dá àwọn obìnrin láre. Pé ọjà le kò tó ìdí láti san owó kékeré fún iṣẹ́ tí wọ́n kà sí ti obìnrin.

Kólẹ̀kódọ̀tí ni mí. Bí mo ṣe rí i, àwọn obìnrin ló gba owó lọ́wọ́ wa. Ṣé irọ́ ni mo pa?

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Owó tí o ti fi ń ṣètò ilé rẹ, tí o fi ń san owó iléèwé àwọn ọmọ àbúrò rẹ nílé, wọ́n fẹ́ yọ nínú rẹ̀ lójijì. Ní 2009, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ní Leeds da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nítorí irú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2025, ti Birmingham náà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì àìlópin nígbà tí káńsù fẹ́ pa ipò kan rẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Unite ní àwọn kan máa pàdánù tó 8,000 pọ́n-ùn lọ́dún, káńsù ní kò tó bẹ́ẹ̀, òun sì ń ṣe é kí gbèsè ìdọ́gba má baà tún yọjú. Òkìtì ìdọ̀tí gba títì, èkúté sì ń ṣeré láàárín rẹ̀. Àwọn ọkùnrin yẹn ò jí owó ẹnikẹ́ni. Owó tí wọ́n bá lórí iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n wo Durham. Ní 2015 sí 2017, káńsù ibẹ̀ fẹ́ gé owó àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́, ti àwọn kan tó ìdá 23 nínú 100, ìdí tí wọ́n sì fi síwájú ni ìdọ́gba: wọ́n ń sanwó fún wọn bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ àsìkò iléèwé nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn! Wọ́n ní ìdọ́gba ló dé, wọ́n sì fi ọ̀bẹ rẹ̀ gé obìnrin. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Derby láàárín ọdún kan náà. Àwọn obìnrin Durham da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n pariwo títí wọ́n fi tún iṣẹ́ wọn wọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì pàdánù mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló bọ́.

Kí o tún wo Glasgow. Ní 23 àti 24 oṣù kẹwàá 2018, àwọn obìnrin tó lé ní 8,000 da iṣẹ́ sílẹ̀, kílínà, alásè àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Nígbà tí àwọn kólẹ̀kódọ̀tí dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ tiwọn, tí wọ́n bá àwọn obìnrin níbẹ̀ tí wọ́n dúró pẹ̀lú pátákó wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀ láti kọjá. Ọkọ̀ ìdọ̀tí ò jáde. Àwọn ọkùnrin yẹn mọ̀ pé ìyàwó àwọn, ìyá àwọn, ẹ̀gbọ́n àwọn ló wà níbẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí káńsù fi gbà láti sanwó.

Wọ́n ní àwọn máa dáàbò bo owó mi fún ìgbà díẹ̀. Fún ìgbà wo?

Ohun tí wọ́n ń pè ní "pay protection" nìyẹn. Òfin ò yan iye ọdún kankan. Káńsù àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń jókòó sọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó ọdún mẹ́ta. Ó ti ń kúrú sí i, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí.

Bí ẹ bá dáàbò bo owó ọkùnrin tó ti ń gba bónọ́ọ̀sì, tí ẹ ò fún obìnrin ní ìkankan nínú àsìkò yẹn, ìrẹ́jẹ àtijọ́ lẹ ń fà gùn. Ní 2008, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Redcar and Cleveland àti ti Middlesbrough. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ Scotland sọ irú rẹ̀ fún Glasgow. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní àwọn á dáàbò bo owó ọkùnrin nìkan fún ọdún gígùn, ẹ má tètè jó. Ó lè padà di ẹjọ́.

Wọ́n fún mi ní ìwé pé kí n buwọ́ lù ú kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má buwọ́ lu ohunkóhun lórí ìdúró. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ fi han aṣojú yín.

Tí ẹ bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, káńsù lè sọ pé òun máa fòpin sí àdéhùn àtijọ́, kí òun sì gbà yín padà lórí tuntun. Kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn máa ṣe lọ́wọ́ kan o. Tí òṣìṣẹ́ 20 sí 99 bá wà nínú rẹ̀, ó kéré tán wọ́n gbọ́dọ̀ fi 30 ọjọ́ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jíròrò kí ọwọ́ tó kan ẹni àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá tó 100, 45 ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti lò, títí dé 12. Láti oṣù keje 2024, ìwé ìlànà ìjọba wà lórí irú ìwà yìí, kọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́, ìyẹn "employment tribunal", sì lè fi tó ìdá 25 nínú 100 kún owó tí agbanisíṣẹ́ tó kọtí ikún sí i máa san.

Ewu kan wà tí àwọn èèyàn wa máa ń kó sí. Wọn ò buwọ́ lù ú, wọn ò sì sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń gba owó tuntun. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, káńsù á ní ẹ ti gbà pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín. Tí ẹ bá fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ kí ẹ sì máa jà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀: pé ẹ ń ṣiṣẹ́ "under protest", pé ẹ ò gbà sí owó tuntun. Gbólóhùn méjì tó. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Máàkì tí wọ́n fún iṣẹ́ mi ò tọ̀nà. Ṣé mo lè sọ pé kò tẹ́ mi lọ́rùn?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí ibí ni a ti máa ń pàdánù jù.

A ti kọ́ wa nílé pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀. Ọ̀gá á jókòó níwájú yín pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, á bi yín pé kí lẹ̀ ń ṣe nígbà tí oníbàárà bá bínú. Ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, "Kò sí wàhálà, mo kàn máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni." Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀: kò sí wàhálà. Máàkì ti lọ. Obìnrin kan ní ibi iṣẹ́ wa tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló wà, ó ń gba àlejò. Tí ìyá Yorùbá kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá dé, òun ni wọ́n máa pè kó wá túmọ̀. Ó ti túmọ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé, ó ti túmọ̀ fún obìnrin tí ọkọ ń lù, lójú àwọn ọmọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa èdè nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá wọn iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Mo kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni." A jọ kọ ọ́ tán kí ó tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú ewé mẹ́ta.

Ohun tí a ṣe nìyí. Ẹ gba ìwé iṣẹ́ yín, ìyẹn "job description", ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Mo ti rí èyí tó ti pé ọdún 11. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́, títí kan èyí tí ẹ ò kà sí iṣẹ́: kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ yín, owó tí ẹ ń kà, òṣìṣẹ́ tuntun tí ẹ ń kọ́, ẹjẹ̀ àti èébì tí ẹ ń nù. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè fún máàkì tí wọ́n fún yín lórí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èyí tí ẹ kọ wé e. Ìpínlẹ̀ tó wà láàárín gírédì méjì lè má ju máàkì mélòó kan lọ. Ẹ ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n dá fún kòtẹ́milọ́rùn, torí ó máa ń kúrú.

Ọkùnrin ni mí, àmọ́ iṣẹ́ tí obìnrin pọ̀ sí ni mò ń ṣe. Ṣé mo lè béèrè owó?

Ẹ lè béèrè. Tí obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín bá borí, ẹ lè fi ara yín wé obìnrin náà. Ẹjọ́ Hartlepool ní 2009 ti la ọ̀nà yẹn.

Ilé iṣẹ́ aládàáni ló gbà mí, àmọ́ iṣẹ́ káńsù ni mò ń ṣe.

Èyí le díẹ̀. Òfin fẹ́ kí ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń fi ara yín wé wà lábẹ́ agbanisíṣẹ́ kan náà, tàbí àwọn agbanisíṣẹ́ tó jọ so mọ́ra. Tó bá jẹ́ káńsù fúnra rẹ̀ ló dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ọ̀nà lè wà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí káńsù Glasgow dá sílẹ̀ ṣe lè fi ara wọn wé ti káńsù nìyẹn. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹtírátọ̀ lásán, ẹ lọ bá lóyà kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti padà sí Ìbàdàn. Ṣé ó ti kọjá lórí mi?

Ó lè má tíì kọjá. Ní kọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí ni. Ṣùgbọ́n ní 2012, àwọn òṣìṣẹ́ Birmingham tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ borí ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tó sọ pé wọ́n ṣì lè gba kọ́ọ̀tù ìlú, ìyẹn "civil court", lọ. Níbẹ̀, ọdún mẹ́fà ni ní England àti Wales, márùn-ún ní Scotland. Iye ọdún yẹn náà ni wọ́n lè kà sẹ́yìn tí wọ́n bá fẹ́ san gbèsè. Ọjọ́ ń lọ o. Ọdún tó bá já lẹ́yìn, owó rẹ̀ já pẹ̀lú.

Físà ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ṣé gígé owó yìí lè kàn án?

Ó lè kàn án gidigidi. Ẹni tó wà lórí físà Skilled Worker, bí àwọn òṣìṣẹ́ àlàáfíà ẹbí ("social worker") tí káńsù gbà wá láti Nàìjíríà, owó oṣù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ kọjá iye tí ìjọba là sílẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Káńsù gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office tí owó bá dín kù. Kí ẹ tó gba gírédì tuntun, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò ní kan físà yín, kí ẹ sì gbé e fún agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú. Ẹ má bi ọ̀rẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Owó ìfẹ̀yìntì mi ńkọ́?

Láti oṣù kẹrin 2014 ní England àti Wales, ọdún kọ̀ọ̀kan ló ń dá ti ara rẹ̀ jọ: ìdá kan nínú 49 owó tí ẹ gbà lọ́dún yẹn. Èyí tí ẹ ti kó jọ látìgbà náà ò ní dín kù. Èyí tó ṣáájú 2014 ló ń wo owó tí ẹ fi parí iṣẹ́. Tí wọ́n bá gé owó yín láàárín ọdún mẹ́wàá kí ẹ tó fẹ̀yìn tì, ìlànà wà tó lè jẹ́ kí wọ́n lo ìpíndọ́gba ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, tó dáa jù, láàárín ọdún mẹ́tàlá tó gbẹ̀yìn. Wọn kì í sábà rán èèyàn létí. Ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè, ẹ sì tọ́jú ìwé owó oṣù tó ṣáájú gígé náà.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wo ló wà lẹ́yìn wa? Wọ́n ní àwọn náà ti ta èèyàn rí.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ní 2008, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn obìnrin kan láre lórí ẹgbẹ́ wọn, GMB, ní Middlesbrough. Ẹgbẹ́ náà ti gbà kí owó tí káńsù jẹ àwọn obìnrin sẹ́yìn kéré, kí owó lè kù láti dáàbò bo àwọn tó máa pàdánù, wọn ò sì ṣàlàyé fún àwọn obìnrin náà dáadáa. Ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹni tó máa gbà, ọmọ ẹgbẹ́ náà ni ẹni tó máa pàdánù. Mo ti jókòó sí àárín wọn rí, oorun ò sì kun ojú mi.

Síbẹ̀, mo ní kí ẹ wọ ẹgbẹ́. Ẹni tó dá nìkan jókòó síwájú ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ò ní ohun tó máa fi bá wọn dúnàá dúrà. Ẹ lọ sí ìpàdé, ẹ ní kí wọ́n fi iye tó kan obìnrin àti iye tó kan ọkùnrin hàn yín. Tí ẹ bá lo àwọn lóyà tó ní ẹ ò ní sanwó àfi tí ẹ bá borí, ohun tí òfin gbà kí wọ́n yọ nínú owó yín ní kọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 35 nínú 100 lọ, owó orí VAT wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ìdá yẹn dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Àǹtí, mo ti buwọ́ lù ú. Ṣé ó ti parí?

Ó kù sí irú ìwé tó jẹ́. Tó bá jẹ́ ìwé àdéhùn iṣẹ́ tuntun lásán, ẹ ti gbà sí owó tuntun, àmọ́ ẹ̀tọ́ yín lórí gbèsè ìdọ́gba ṣì wà níbẹ̀, torí òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ta á dànù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń tì í pa. Ọ̀kan ni ìwé tí ACAS, àjọ tó ń parí aáwọ̀ níbi iṣẹ́, là kọjá, COT3 ni orúkọ rẹ̀. Èkejì ni "settlement agreement", tí lóyà, tàbí olùdámọ̀ràn mìíràn tí òfin fọwọ́ sí, tí kì í ṣe ti káńsù gbọ́dọ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá ìwé náà jáde nínú àpò tí ẹ jù ú sí, ẹ wo òkè rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ pe aṣojú yín láàárọ̀ ọ̀la.